Ẹgbẹ̀rin Aláìsàn Láàárín Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Ìwé tí mo ń kọ èyí sí, ìwé ilé ìwòsàn ni. Wọ́n tẹ ìlà rẹ̀ wọ́, ni Nọ́ọ̀sì Àgbà bá ní kí n máa gbé e lọ sílé. Kò burú, ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi náà kò gún régé. Ooru mú. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí, ó sì tún ti kéré sí i.

Ààrẹ sọ̀rọ̀ lórí rédíò lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní owó tó ń bá ìlera lọ ti pọ̀ jù, òun máa gé e. Ó ní àwa ará ìlú fẹ́ràn oògùn ju iṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tó wá sọ kẹ́yìn ló jẹ́ kí n gbé ṣíbí ọwọ́ mi sílẹ̀: "Ẹni tó bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ le."

Tíṣà, ọkọ mi, ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù.

"Ẹni tí kò lè rìn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ìyẹn ò ní lè débẹ̀," ó ní. "Ṣé o wá rí i bí owó ṣe máa dínkù?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ìwé kì í ṣòfófó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹta

Lẹ́tà dé láti olú-ìlú. Nọ́ọ̀sì Àgbà kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà, bóyá ìdọ̀tí ló wà lára awò. Ìdọ̀tí kọ́. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí títí di ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, wọ́n máa ka iye èèyàn tó bá wá. Ilé ìwòsàn kékeré tí kò bá rí ẹgbẹ̀rin aláìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, wọ́n máa tì í pa.

Ogún ọjọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ogójì èèyàn lójúmọ́. Àwa tí a máa ń rí méjìlélógún, tí ó bá wá di Ọjọ́bọ̀ tí dókítà ń wá, ó lè di ọgbọ̀n. Ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ wa jù, wákàtí méjì ni nínú ọkọ̀, ìyẹn bí ọkọ̀ bá gbéra.

"Akọ̀wé," Nọ́ọ̀sì Àgbà ní, "káàdì mélòó ló kù nílẹ̀?"

"Bí ọ̀ọ́dúnrún, mà."

"Ẹ lọ gé páálí sí i."

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ káàdì níbẹ̀. Kò sí ẹni tí n kò mọ ohun tó ń ṣe é ládùúgbò yìí, àfi ọkùnrin tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti bí oṣù méjì ló ti ń di orí mú láàárọ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, kí rọpárọsẹ̀ tó gbé e lọ. Mo ní kó wá jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun lè rìn débẹ̀, nítorí náà ara òun le. Àṣé ẹnu Ààrẹ ti wọlé tọ̀ mí wá.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹta

Ìpàdé ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó kọjú sí ilé ìwòsàn. Gbogbo àdúgbò wà níbẹ̀, wọ́n ń bú Ààrẹ bí ẹni pé ó jókòó sórí àga ìfárí. Onígbàjámọ̀ alára dìbò fún un, ó ní ìka òun ló lọ, ọkàn òun wà nílé.

Wọ́n fẹnu kò pé bí ìjọba bá fẹ́ aláìsàn, aláìsàn ni wọ́n máa rí. Onígbàjámọ̀ yí pátákó tó ya oríṣiríṣi irun sí padà, ó kọ orúkọ èèyàn sí ẹ̀yìn rẹ̀: ẹni tó máa wá lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó máa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, títí lọ.

Nígbà tí mo délé, mo yí kàlẹ́ńdà pálọ̀ dojú kọ ògiri. Orí Ààrẹ ló gba ìdajì òkè rẹ̀, àwọn ọjọ́ wà nísàlẹ̀ bí irùngbọ̀n. Kí n tó fọ abọ́ tán, Tíṣà ti yí i padà.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹta

Ọjọ́ kìíní. Mọ́kàndínláàádọ́ta!

Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ ti ba nǹkan jẹ́ díẹ̀. Ó yan ọjọ́ fún àwọn èèyàn, ó gbàgbé láti yan àìsàn fún wọn. Àwọn mọ́kànlá tó kọ́kọ́ dé bi í lẹ́nu ọ̀nà pé kí ni káwọn ní ó ń ṣe àwọn, ó ní, "Ẹ ní ẹ̀yìn." Àwọn mọ́kànlá wá tò lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ gbogbo wọn wà ní ìbàdí. Arábìnrin kan tí ibà ń ṣe ní tòótọ́ wà lórí ìdúró, kò rí ibi jókòó sí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà jáde, ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi o. Èmi ò ní kọ irọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, mo máa kọ ọ́ pé ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá fìdí kan bẹ́ǹṣì yìí, mo máa yẹ̀ ẹ́ wò látorí délẹ̀, mo máa wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru, mo máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí kò bá sí nǹkan tó ṣe é, mo máa kọ ìyẹn náà."

Àwọn méjì dìde. Onígbàjámọ̀ wò wọ́n láti òdìkejì títì, abẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n padà jókòó.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹta

Mo ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, bóyá èmi náà á gba káàdì.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wá parọ́ ẹ̀yìn dídùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ le bí irin, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru débi pé Nọ́ọ̀sì Àgbà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ó ní iyọ̀ inú búrẹ́dì ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé pẹ̀lú bí búrẹ́dì rẹ̀ ṣe kéré tó yìí, kò lè rí iyọ̀ tó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́.

Èyí tó wá burú jù ni ti onígbàjámọ̀. Ó ní kí òun náà fi àpẹẹrẹ hàn, ó wọlé, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Ìtọ̀ ṣúgà! Ó dúró sójú kan, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é nìyí? Mo wá ràn yín lọ́wọ́, ẹ wá ń fún mi ní àìsàn!"

"Èmi kọ́ ni mo fún ọ. Ọwọ́ rẹ ló ti wà."

"Kí n tó wọlé síbí, kò sí nǹkan tó ṣe mí."

"Kò sí nǹkan tí o mọ̀ ni."

Ó lọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tó ṣí i padà, ó ti kó mínírà tó máa ń tà fún àwọn tó ń dúró de irun kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹta

214. Ọwọ́ mi fẹ́ẹ̀ já. Nínú àwọn tó wá parọ́ lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́rìndínlógójì ni nǹkan ń ṣe tí wọn ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Akọ̀wé, gbogbo ọdún wọ̀nyí la ti jókòó dè wọ́n, tí a rò pé ara wọn le."

Mo ń ronú nípa ilé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹta

Rédíò ní Ààrẹ ti gun bàálù lọ tọ́jú eyín rẹ̀ lókè òkun.

Mo wo Tíṣà. Mo kàn wò ó ni.

"Ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún ni," ó ní. "Kó lè wá ṣe é fún wa níbí."

"Pẹ̀lú eyín ara rẹ̀?"

"Aṣáájú rere, ara rẹ̀ ló fi ń ṣàpẹẹrẹ."

Ó di orí mú bó ṣe ń sọ ọ́. Mo yí kàlẹ́ńdà. Ó yí i padà.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹta

Ojú tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́. Mo bẹ Nọ́ọ̀sì Àgbà títí ó fi yá mi ní ẹ̀rọ kejì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì buwọ́ lùwé. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo yọ ti rédíò Tíṣà sí i. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó sùn lọ lórí àga rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo yọ́ kẹ́lẹ́ lọ síbẹ̀, mo so aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

N kò mọ̀ pé yóò máa kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ó ń fún apá rẹ̀. Tíṣà fò sókè, ó pariwo, "Ejò! Ejò ti mú mi lápá!" Ó gbá ẹ̀rọ náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, àga ṣubú, aládùúgbò sáré wọlé pẹ̀lú ọwọ̀. Ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ kò ju lẹ́tà kan lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti bà jẹ́.

Nígbà tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn alẹ́ tí rédíò kò dún, ó ní àwọn alátakò ló ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹta

Òjò. Mẹ́sàn-án.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹta

Òjò. Mẹ́tàlá. Òrùlé ń jò sórí àpótí káàdì. Mo fi abọ́ ìfọṣọ sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń fi páálí fẹ́ káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tí ooru ń mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹta

345. Ó yẹ ká ti dé irinwó. Onígbàjámọ̀ ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n sùn dáadáa. Bí ẹnì kan bá ní òun sùn dáadáa, ojú onígbàjámọ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Mo tún bẹ Tíṣà lónìí. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo sì fi ohùn líle bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa wí?" ó ní. "Mo dúró níwájú gbogbo àdúgbò yìí, mo ní kí wọ́n dìbò fún un. Bí mo bá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn lásìkò yìí, ẹyọ kan ni mo jẹ́ nínú ẹgbẹ̀rin yín. Wọ́n á ní, 'Ẹ wo Tíṣà, òun náà ti dé.'"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

Ó na ọwọ́ sí rédíò, ó rántí pé kò ní bátìrì, ó fi ọwọ́ sílẹ̀ síbẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹta

Ọkùnrin kan tí n kò rí rí ti wà lórí bẹ́ǹṣì kí n tó ṣílẹ̀kùn, ó dé fìlà bo ojú, ó ń wo gbogbo èèyàn láti abẹ́ rẹ̀. Èmi ò mọ ti ẹnì kan. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀, káàdì ni mo máa ń kọ fún un. Mo bi í lórúkọ, ó ṣiyè méjì kó tó sọ ọ́. Mo ní kí ló ń ṣe é, ó ní, "Ẹ̀yìn." Inú mi dùn, mo rò pé onígbàjámọ̀ ló rán an wá. Nọ́mbà 409.

Ó wọlé tọ Nọ́ọ̀sì Àgbà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún mo gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má dìde! Ẹ dùbúlẹ̀!" Mo sáré wọlé. Ọkùnrin náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sókè.

"Olùbẹ̀wò ni mí láti olú-ìlú," ó ní. "Mo wá wò bóyá àwọn aláìsàn yín, aláìsàn tòótọ́ ni wọ́n. Mo ti wo ìwé yín. Ibi mélòó lẹ kọ 'kò sí nǹkan tó ṣe é' sí!"

"Ta ló mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe é kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò?" Nọ́ọ̀sì Àgbà ní. "Ẹ̀yin náà, kí lẹ ní ó ń ṣe yín?"

"Mo ní ẹ̀yìn."

"Ṣé ẹ̀yìn ni?"

Olùbẹ̀wò gbé káàdì náà sílẹ̀.

"190 lórí 110," Nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ gbé ahọ́n yín sókè, kí n fi oògùn síbẹ̀."

Nígbà tó ń lọ, ó tọ̀ mí wá níbi tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

"Bírò ni mo fi kọ ọ́, ọ̀gá," ni mo wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ lẹ máa padà wá gba oògùn."

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kẹta

566. Bí a bá rí mẹ́tàdínláàádọ́ta lójúmọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a bọ́. Àwọn tó wá parọ́ lọ́sẹ̀ kìíní ló ń padà wá fún òótọ́ báyìí. Onígbàjámọ̀ ń kọ́ gbogbo orí tó bá fá nípa ìtọ̀ ṣúgà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè sá, abẹ wà lọ́rùn wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 oṣù kẹta

Olùbẹ̀wò padà wá lóòótọ́. Kò dé fìlà.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹrin

758. Tíṣà fọ́ ife tíì lónìí. Ó ní ife náà ló yọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù kẹrin

Ọjọ́ ìkẹyìn. Méjìlélógójì la ń wá.

Gbogbo ìgbà tí ẹnu ọ̀nà bá dún ni mo ń gbé orí sókè. Àwọn yòókù rò pé iye ni mò ń kà. Ìdí tí mo fi ń wò ni pé mo ti sọ fún ara mi pé bó bá kú ẹnì kan, Tíṣà á wá. Ó ti máàkì ìdánwò ọmọ èèyàn lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún, ó mọ bí máàkì kan ṣe ń dunni.

Aago mẹ́ta kọjá, arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Òun ló mú kó pé ẹgbẹ̀rin. Onígbàjámọ̀ gbé e sókè pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, bàbá náà ń pariwo pé ìdí gan-an tí òun fi wá ni pé eegun ń dun òun. Nígbà tí a ti ìlẹ̀kùn, ó jẹ́ 803. Wọ́n ń jó lójú títì. Nọ́ọ̀sì Àgbà náà jó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tún dúró gbọningbọnin.

Mo wọ yàrá tí a ń kó oògùn sí, mo sunkún. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹrin

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́jọ lù. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Tíṣà wọlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ẹ ti parí kíkà yẹn?" ó ní.

"A ti parí ẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì."

"Ó dá ọ lójú? Wọ́n ti fi ìwé náà ránṣẹ́?"

"Ó ti lọ."

"Kọ káàdì mi."

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Ó ní láti Ọjọ́rú ni àwọn ìka òun ti ń kú, pé òun kò lè de bọ́tìnnì mọ́.

Láti Ọjọ́rú! Mo figbe ta, mo gbàgbé pé "ẹ" ni mo máa ń pè é. "Ọjọ́ márùn-ún! O fi ọwọ́ tó ń kú jókòó tì mí nílé fún ọjọ́ márùn-ún nítorí èèyàn tí kò mọ̀ pé o wà láyé!"

"Kì í ṣe nítorí rẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ sì kéré. "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí tirẹ̀ rò mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fẹnu mi sọ ni mò ń tì lẹ́yìn."

Nọ́ọ̀sì Àgbà wọlé bá wa báyẹn. Ó so ẹ̀rọ mọ́ apá Tíṣà. 210 lórí 125. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n pe dókítà lórí fóònù, kò sì dìde níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Mo jókòó tì í, mo sì kọ káàdì rẹ̀ lórí eékún mi. Ọdún: méjìdínláàádọ́rin. Iṣẹ́: tíṣà, ó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń ṣe é:

"Kí ni kí n kọ?" ni mo bi í.

"Kọ ọ́ pé ìyàwó mi ló ní kí n wá."

Nọ́ọ̀sì Àgbà pè mí síta. Ó ní rọpárọsẹ̀ náà ti fọwọ́ kàn án, ó kàn án díẹ̀ ni, ọwọ́ náà lè padà bọ̀ sípò. Ó ní bó bá jẹ́ pé wákàtí méjì nínú ọkọ̀ la fẹ́ gbé e lọ láàárọ̀ yìí, òun ò mọ̀. Mo dì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń dì mọ́.

Nọ́mbà káàdì rẹ̀, 1. A ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹrin

Ààrẹ ti dé. Mo ti ra bátìrì sí rédíò, a jọ gbọ́ ọ. Ó ní òun kò sọ ọ́ rí pé òun máa ti ilé ìwòsàn kankan, pé ìgbìmọ̀ kan máa tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sàn. Tíṣà gbọ́ ọ títí dé òpin, kò mi orí. Ó ní, "Ká máa gé páálí lọ."

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹrin

Mo ti ilé ìdáná bọ̀, mo bá kàlẹ́ńdà lórí tábìlì. Mo rò pé ó ti já, mo fẹ́ gbé e kọ́ padà, ni mo bá rí i pé wọ́n ti kọ nǹkan síwájú orí Ààrẹ, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ní àyè: "Ọ̀la, aago mẹ́jọ, Nọ́ọ̀sì."

Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì Àgbà ti ní kó máa fi ṣiṣẹ́, kó má jẹ́ kó sùn. Lẹ́tà náà wọ́, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ojú Ààrẹ, ó burú ju ìlà ìwé yìí lọ. Tíṣà, tó fi ọdún márùndínlógójì na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìkọ̀wé!

Mo mú bírò pupa tó fi ń máàkì nígbà náà, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Mo gbé e kọ́ padà, mo kọjú rẹ̀ síta.